Èsì: Abẹ́rẹ́ tó gún ẹ̀gbọ́n yín ní ààtàn Awótán

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá ọsibítù lè lé ẹ̀gbọ́n yín, tó ń ṣa ike, padà torí kò lówó ìdógò. Rárá o. Òfin Ìlera ọdún 2014, abala 20, ní wọn ò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n lè béèrè owó tó bá yá ṣá.

Abẹ́rẹ́ tó gba ìsàlẹ̀ sálúbàtà wọlé yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà, kó má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ gún un, òní ló sì dáa jù. Kó béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti àrùn mẹ́dọ̀wú (hepatitis B). Ẹ jọ̀ọ́, kó má torí ìtìjú sọ pé ìṣó ló gún òun; kó sọ pé abẹ́rẹ́ ni.