Táńkì Omi Òkun Mi Ti Sú Mi: Ṣé Kí N Tà Á?

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Parakin, Ilé-Ifẹ̀,

O ní ó ti pé ọdún 4 tó o ti ń sin iyùn (ẹ̀dá òkun abẹ̀mí tí wọ́n ń pè ní coral) àti ẹja òkun nínú táńkì ní pálọ̀ rẹ. Nígbà yẹn, kó o tó bọ́jú láàárọ̀, wàá ti dúró ti gíláàsì. Ní báyìí, ńṣe lò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìwò ó. Ìyàwó rẹ ń béèrè pé títí dìgbà wo lẹ ó máa ra epo jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ. Aládùúgbò sì ń bi ẹ́ pé kí ló pa ọmọ Ifẹ̀ àti òkun pọ̀.

Ti aládùúgbò yẹn, má dá a lóhùn. Ìlú tó ní Igbó Olókun, níbi tí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ Olókun.

Ibi tó ká mi lára nínú lẹ́tà rẹ ni ibi tó o ti to iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ sílẹ̀: ò ń wọn àwọn ohun tó wà nínú omi, kálísíọ̀mù, alkalinity, náítíréètì, fọ́síféètì, ò ń po omi iyọ̀, ò ń fọ skimmer tó ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi, o sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Mo wá ibi tó o ti jókòó wò ó, mi ò rí i. Ọmọbìnrin rẹ tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó o jẹ́ kóun fún ẹja lóúnjẹ, o ní rárá, kó má bàa ba omi jẹ́. Àbúrò mi, iṣẹ́ ló sú ẹ. Mi ò gbà pé iyùn ló sú ẹ.

Àwọn iyùn tí ara wọn rọ̀ lo fi bẹ̀rẹ̀: mushroom, leather, zoanthus. O wá rí táńkì àwọn ará Amẹ́ríkà lórí fóònù, lo bá ra Acropora, iyùn tó ní egungun líle. Kálísíọ̀mù inú omi ni Acropora fi ń mọ egungun ara rẹ̀, ìyẹn ló ṣe ń dín kù lójoojúmọ́ tó o sì gbọ́dọ̀ máa dá a padà. Ó tún fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, kò sì fẹ́ ayípadà kankan. Ẹni tó ní sólà gidi lè tọ́ ọ. Lójú tèmi, ó ti pọ̀ jù fún ilé tó ń gbára lé NEPA. Àwọn tó funfun tí wọ́n sì kú lóṣù kẹta yẹn, ooru ló ṣe wọ́n, kì í ṣe ìwà àìbìkítà rẹ. Àwọn ohun ọ̀gbìn tíntìntín ń gbé inú ara iyùn, àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé wọn jáde, á sì funfun.

Torí náà, wá ẹni tó lágbára Acropora tó kù, kó o gbé e fún un, kó o padà sọ́dọ̀ àwọn tó rọ̀. Iyọ̀ nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan, ooru láàárín 24 sí 27 lórí ìwọ̀n Celsius, àti pípààrọ̀ díẹ̀ nínú omi déédéé, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn. Nígbà ooru, jẹ́ kí fáànù fẹ́ sórí omi. Bí ọyẹ́ bá fa omi náà, omi tí kò níyọ̀ ni kó o fi dí i, torí iyọ̀ kì í bá omi lọ.

Ìyàwó rẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ epo. Bí iná bá lọ, àìsí afẹ́fẹ́ nínú omi ló kọ́kọ́ ń pa ẹja. Òkùnkùn òru kan kò pa iyùn. Ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì, kí jẹnẹrétọ̀ sinmi. Kó o sì fi hàn án, kó mọ̀ pé o gbọ́ òun.

Gbé àga síwájú táńkì náà. Lálẹ́, lẹ́yìn tí iná rẹ̀ bá ti kú fún wákàtí kan, fi nylon pupa bo tọ́ọ̀ṣì, kí ìwọ àti ọmọ rẹ wò ó: ẹ ó rí ekòló àti edé wínníwínní tí ẹ ò rà, tí wọ́n bá òkúta inú táńkì wá. Ṣíbí oúnjẹ kékeré ni kó o fún un, òun ni kó máa fún ẹja lóúnjẹ láti ìsinsìnyí lọ. Sọ fún un pé akọ ni wọ́n ń bí gbogbo clownfish (ẹja òkun kékeré), pé èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì tẹ́ ẹ ní ló ti di abo, àti pé bí abo bá kú, ọkọ rẹ̀ ló máa di abo.

Bó bá ṣì sú ẹ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tà á, kò sóhun ìtìjú ńbẹ̀. Àmọ́ wá ilé fún àwọn ẹ̀dá inú ẹ̀ kó o tó ta gíláàsì. Clownfish lè lò ju ọdún 10 lọ. Má dà wọ́n sínú odò Ọ̀pà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Iléṣà tó ń bẹ̀ ẹ́ fún èèhù iyùn ńkọ́? O ò dá a lóhùn, ìyẹn sì dùn mí. Ohun tó o bá gé fún un, iyùn tìrẹ náà ni: bí táńkì rẹ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, wàá rí i gbà padà lọ́dọ̀ rẹ̀, wàá sì ní ẹni tí ẹ ó jọ máa sọ ọ́. Pè é lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ zoanthus lo fẹ́ gé, wọ ìbọ̀wọ́, kó o sì fi awò bo ojú, torí àwọn kan nínú wọn ní májèlé tó le gan-an.