Omi London ló ń bá irun ẹ jà, kì í ṣe kírímù

Àbúrò mi, o ní àtìgbà tó o ti dé London lóṣù kẹwàá ni irun ẹ ti ń le tó ń já sínú òòyà, pé o ti pààrọ̀ kírímù lẹ́ẹ̀mẹta. Jọ̀ọ́, má ra ìkẹrin. Ojú mi rí i nígbà tí mo kó wá sí Peckham ní London níbí láti Glasgow ní Scotland. Ọdún méjì tí mo fi wà ní Glasgow, inú adágún Loch Katrine ni omi wa ti ń wá, ọṣẹ díẹ̀ báyìí á ti hó, kẹ́tùlù mi ò sì dọ̀tí rí. Mo dé Peckham, kò tó oṣù kan tí inú kẹ́tùlù fi funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Ẹfun náà kúkú ni o, torí ilẹ̀ tó kún fún àpáta ẹfun lomi ibí ń gbà kọjá, kálísíọ́mù ló ń kó bọ̀. Ohun tó dì mọ́ kẹ́tùlù yẹn náà ló dì mọ́ irun ẹ, o wá ń fi òrí àti òróró àgbọn kùn ún lórí ẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà wọlé?

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọṣẹ dúdú. Màmá mi fi ránṣẹ́ láti Òṣogbo, mo ní ohun ilé ló máa gbà mí. Háà! Nílé ó máa ń hó yàà, níbí ńṣe ló di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun tó lẹ̀ mọ́ mi lórí bí àtè, torí ọṣẹ eérú àti kálísíọ́mù kì í bára wọn gbé, ṣáńpù inú ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irun mi wá le bíi kànìnkànìn, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ ní kí n gbàdúrà sí i. Mo gbà á náà o, ẹfun ò kúrò.

Mo tún ra fílítà tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ṣáwà, owó gidi, kólórínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, lèyí tí mo rà ń yọ, kò ṣe kálísíọ́mù ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń da iyọ̀ sí ló ń yọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n plọ́ńbà ló máa so ó mọ́ páìpù ilé, lándílọ́ọ̀dù mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ sétí.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni ṣáńpù tí wọ́n kọ chelating sí lára, ìyẹn èyí tó ń fa kálísíọ́mù kúrò lára irun, wo ẹ̀yìn ike ẹ̀ kó o rí EDTA, èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ti àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní púùlù náà dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń lò ó, má sọ ọ́ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ torí ó ń gbẹ irun, tó o bá sì ti ṣan án tán, kọndíṣọ́nà tó ki, fi ọ̀rá bo orí fún ààbọ̀ wákàtí. Láàárín ìyẹn, fíníígà ṣíbí ìjẹun 2 sínú omi líta 1, dà á sí i, ṣan án kúrò, ṣùgbọ́n tí orí bá ní egbò má dán an wò, mo mọ̀ bó ṣe ta mí. Omi tí mo fi ń ṣan orí kẹ́yìn, mo ti máa ń sè é lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, màá wá rọra da òkè ẹ̀ lò kí ẹfun dúró nísàlẹ̀. Kì í tán o, ó kàn ń dín kù ni. Màmá mi ní kí n gbé bàsíà síta gba omi òjò, ìyá ò purọ́, òjò ò ní ẹfun nínú, àmọ́ àjà kẹta ni mò ń gbé.

Èyí tó ti já ti já, mo gé ṣóńṣó ẹ̀ kúrò. Ìgbà kẹta tí mo fọ̀ ọ́ báyìí ni òòyà tó gba inú ẹ̀ kọjá tí mi ò gbọ́ kó dún.