Pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì yín kọ́ ló ń ṣọ́ èsì àyẹ̀wò tí ẹ fi ránṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kabba ni mo ń gbé. Dókítà tó ń tọ́jú màmá mi ní Ìlọrin ní kí n fi èsì àyẹ̀wò hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀) wọn ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Mo ti yí pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì mi padà sí èyí tó le, mo sì máa ń kọ “ÀṢÍRÍ” sórí lẹ́tà. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Okun o. Kò tó.

Pásíwọ́ọ̀dù tuntun yẹn dáa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé tiyín nìkan ló ń tì. Ẹni tó fi lẹ́tà rán dírẹ́bà ní gáréèjì Kabba, tó wá sáré lọ tilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀, kí ló tì? Bí ẹ bá ti tẹ Send, ẹ̀dà kan wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá, ti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ímeèlì dókítà, òmíràn wà nínú fóònù rẹ̀, bóyá òmíràn tún wà lórí kọ̀ǹpútà tí nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé jọ ń lò. Pásíwọ́ọ̀dù yín kò dé ibẹ̀. Òótọ́ ni pé Gmail àti Yahoo máa ń ti lẹ́tà pa lójú ọ̀nà, láti sáfà kan dé èkejì. Bó bá ti gúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ráyè wọ àpótí náà lè kà á. Confidential mode (ètò àṣírí) ti Gmail ńkọ́? Kò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tàbí kí wọ́n darí rẹ̀ sẹ́lòmíràn, àmọ́ kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà.

“ÀṢÍRÍ” yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Ẹni tí kò tiẹ̀ fẹ́ wò ó lẹ ń pè. Orí lẹ́tà máa ń hàn lójú fóònù kí ẹnikẹ́ni tó ṣí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á rí orúkọ fáìlì náà. Bí fáìlì bá ń jẹ́ “hepatitis-màmá”, kí ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ pa mọ́? Ẹ pè é ní “ìwé 3”.

Fáìlì gan-an ni kẹ́ ẹ tì. Ẹ gbé àwòrán èsì náà sínú Word, ẹ lọ sí File, Save As, ẹ yan PDF, ẹ tẹ Options, ẹ máàkì ibi tó ti ní Encrypt the document with a password. Nínú LibreOffice, Export as PDF ni, lẹ́yìn náà Security, Set Passwords. Àpótí méjì ló máa yọ. Ti òkè, tó wà fún ṣíṣí ìwé, ni kẹ́ ẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù sí. Ti ìsàlẹ̀ kàn ń dènà títẹ̀ àti àtúnṣe ni. Bó bá jẹ́ òun nìkan lẹ kún, gbogbo ayé ṣì máa ka ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára wọn tan ni kẹ́ ẹ fi ṣe pásíwọ́ọ̀dù fáìlì yìí, irú bí igbale-osupa-ata-okada (ẹ má lo èyí, mo ti sọ ọ́ síta). Ẹ má fi àmì ohùn sí i, kí dókítà má baà máa wá bó ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí màmá, kì í sì ṣe nọ́ńbà káàdì wọn. Ẹ má kọ ọ́ sínú ímeèlì, ì báà ṣe ímeèlì kejì: ẹni tó bá wọ àpótí á rí méjèèjì. Ẹ fi fóònù pe dókítà, kẹ́ ẹ fẹnu sọ ọ́.

Bó bá jẹ́ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lẹ ti fẹ́ ṣe é, ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀rọ sikáànù ibẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀dà sínú kọ̀ǹpútà, ọmọ tó jókòó tì í sì lè mọ agboolé màmá yín. Ẹ yá kọ̀ǹpútà ẹbí. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ pa ẹ̀dà rẹ́, ẹ da Recycle Bin nù, ẹ sọ pé rárá bí kọ̀ǹpútà bá ní ṣé kí òun tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì jáde nínú ímeèlì yín. Ìyẹn náà kò pa á rẹ́ pátápátá o.

Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́tà òfìfo ránṣẹ́. Ìgbà tí dókítà bá dáhùn ni kẹ́ ẹ fi fáìlì sí ìdáhùn yẹn, torí álífábẹ́ẹ̀tì kan tẹ́ ẹ bá ṣì tẹ̀ nínú àdírẹ́sì, ẹlòmíràn ló gbà á.

Èmi kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ẹlẹgẹ́, màmá yín ló sì ni èsì yìí: ẹ gba àṣẹ lẹ́nu wọn. Bí ẹyinjú wọn bá di yẹ́lò, tí ìtọ̀ wọn dúdú, ẹ má dúró de ímeèlì kankan, ẹ gbé wọn lọ sílé-ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an.