Ṣé àwòrán ọ̀rọ̀ ni ojú ń kà, àbí lẹ́tà?

Ìbéèrè: Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Iléṣà. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó jẹ́ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ló máa ń wò, tí yóò sì méfò ìyókù: ó lè pe “ìwé” ní “ìwà”, tàbí kí ó pe “ọkọ̀” ní “ọkọ́”. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó há odidi ọ̀rọ̀ sórí bí àwòrán. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ má ṣe é, nítorí lẹ́tà ni ojú ń kà, kódà lọ́dọ̀ àgbàlagbà tó ń kàwé bí ẹni ń mumi.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín ní ibi tó ti wá. Ní 1969, Reicher, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ han àwọn ènìyàn fírí, ó sì rí i pé lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ rọrùn fún wọn láti dá mọ̀ ju èyí tó dá dúró tàbí tó wà láàárin lẹ́tà tí a kàn dà pọ̀ lọ. Àwọn kan sọ pé ìrísí ọ̀rọ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó tẹ̀lé e fi hàn pé àǹfààní náà wà fún ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, bí ó bá ti ṣeé pè. Ẹ wo “fọ́gbìdá”: kò nítumọ̀, kò sì sí ẹni tó há àwòrán rẹ̀ sórí, síbẹ̀ ojú yín gbà á, ẹ wá wo “gdfbọ́ìá”, tí lẹ́tà rẹ̀ kò yàtọ̀, àmọ́ tí ojú kò gbà. Mímọ̀ tí ẹ mọ bí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ní èdè wa ló jẹ́ kí ọpọlọ kó wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti “ọkọ”, “ọkọ́” àti “ọkọ̀”, àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n. Àgbàlagbà lè ka gbólóhùn tí kò ní àmì, torí pé ìtumọ̀ ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀rọ̀ tó dá wà lójú pátákó kò fún ọmọ ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ fún un láìfi àmì sí i.

Ẹ fi bébà bo ọ̀rọ̀, kí ẹ máa ṣí i ní sílébù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi re àti dò kọ ohùn “ọkọ̀” lórin kí ó tó pè é pọ̀. Ẹ kọ “ìwé” àti “ìwà” sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí wíwo ìparí ọ̀rọ̀ lè di dandan fún un. Kí ó wá máa kà wọ́n nínú gbólóhùn léraléra, nítorí àkàtúnkà ló ń mú ìyára wá. Bí ó bá ń sún ìwé mọ́ ojú jù, kí àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ mú un lọ fún àyẹ̀wò ojú; ilé ìwòsàn Wesley Guild kò jìnnà sí yín.