Ṣé ìró 19 Hz ló ń dẹ́rù bani nínú fíìmù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fíìmù adẹ́rùbani oníṣẹ́jú 12 ni mò ń ṣe fún YouTube. Ẹnìkan fẹ́ ta ìró 19 Hz fún mi, ó ní etí kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì á bo ẹni tó bá ń wò ó. Ṣé kí n rà á? Ariwo wo ló sì le jù tí mo lè fi mú wọn ta gìrì?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, inú sì ń bí mi pé owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń fi í gbà.

Hz ni iye ìgbà tí ìró ń mi afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti bíi 20 lọ sókè ni etí wa ti ń gbọ́ nǹkan. Ní 1998, Vic Tandy, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé fáànù tuntun kan ló ń mi afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ àwọn ní nǹkan bíi 19 Hz, tí ara ń bù wọ́n bí ẹni pé iwin wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n tún ibi tí wọ́n de fáànù náà mọ́ ṣe, gbogbo rẹ̀ pòórá. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí ti ṣẹ̀. Yàrá kan ni, fáànù ńlá kan ni. Kò fi hàn pé gbogbo ènìyàn ni ẹ̀rù á bà. Lórí fóònù ni ọ̀pọ̀ á sì ti wo fíìmù yín. Sípíkà fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 200 Hz jáde. Ìró náà kò ní jáde rárá, ṣùgbọ́n á gba àyè mọ́ àwọn ìró yòókù lọ́wọ́, wọn á sì máa fọ́. Ẹ má sì lọ háyà sípíkà bẹ́ẹ̀sì ńlá láti dán an wò o.

Ariwo tó le jù tí ẹ béèrè náà kọ́ ni iṣẹ́ yìí. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú ariwo ló ń múni ta gìrì. Ẹ wo Cat People, fíìmù Amẹ́ríkà ti 1942: obìnrin kan ń dá rìn lóru, ẹsẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ náà dákẹ́. Bọ́ọ̀sì kan wá já wọlé lójijì, bíréèkì rẹ̀ sì dún ṣìì bí ológbò tínú ń bí. Bọ́ọ̀sì lásán ni! Títí dòní làwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pe irú ọgbọ́n yìí ní “bọ́ọ̀sì”.

Ẹ jẹ́ kí orin rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti bíi ìṣẹ́jú-àáyá 10 ṣáájú. Tí ẹ bá gé e lójijì, òǹwòran ti fura nìyẹn. Ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí wọn á rò pé fóònù ló bàjẹ́: ní gbogbo yàrá tí ẹ bá ti ya fíìmù, kí gbogbo ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ gba ìró yàrá náà sílẹ̀, òun lẹ máa tẹ́ síbẹ̀. Kí ó wà ní nǹkan bíi −40 dB (ìwọ̀n bí ìró ṣe le tó nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń to fíìmù; 0 ni òkè pátápátá), kí ariwo náà má sì kọjá −6. Ẹ jẹ́ kí ojú òǹwòran wà lára ilẹ̀kùn apá ọ̀tún. Kí ó ṣí, kó má sí nǹkan kan níbẹ̀, kí òṣèré mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ohun tó ń dẹ́rù bani yọ láti apá òsì. Ariwo àti àwòrán gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí fírémù kan náà, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn àwòrán tó ń tẹ̀ léra di fídíò; tí ariwo bá fi fírémù mẹ́ta péré pẹ́ lẹ́yìn, ó ti bàjẹ́. Igbe tàbí irin tó ha ara wọn dára ju bẹ́ẹ̀sì lọ, torí fóònù lè gbé e.

Ẹ má da ìró ààrá bo gbogbo ìran. YouTube máa ń rẹ ohùn fídíò tó bá pariwo jù sílẹ̀ sí bíi −14 LUFS, ìyẹn ìwọ̀n ariwo fídíò látòkèdélẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló máa rẹ̀ sílẹ̀ pọ̀, ibi tí ẹ fẹ́ kó dẹ́rù bani á wá rí bákan náà pẹ̀lú ìyókù. Ìtagìrì méjì ti tó fún ìṣẹ́jú 12.

Tí iná bá máa ṣẹ́jú nínú rẹ̀, kó má kọjá ìgbà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí àwọn tó ní wárápá. Ẹ ṣì kọ ìkìlọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà, torí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ara gbogbo ènìyàn á gbà á.