Ọmọ mi ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ò lọ mọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Kóòṣì. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún 12. Ọdún yìí ni wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan tó ń lọ ìdíje káàkiri. Nínú ẹgbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀, òun ni ọ̀gá wọn. Níbí, bóyá ló ń rí ju ìṣẹ́jú mẹ́rin gbá. Orí bẹ́ǹṣì ló ń wà. Bí a bá ń padà sílé, mo máa ń ṣàlàyé àwọn àṣìṣe rẹ̀ fún un kó lè tètè mọ̀ ọ́n gbá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sunkún títí a fi délé, ó ní òun ò lọ mọ́. Ó tún ní orúnkún ń dun òun, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá àwáwí ló ń wá. Ṣé kí n bá kóòṣì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, àbí kí n gba ẹni tí yóò máa kọ́ ọ lọ́tọ̀, àbí kí n mú un kúrò níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Orúnkún ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ni kò yẹ kó dúró di ọ̀la. Ẹ má pè é ní àwáwí. Ní ọjọ́ orí yìí, egungun ọmọ ń gùn kíákíá, iṣan kì í sì í tètè bá a gùn. Iṣan iwájú itan gba orí orúnkún kọjá, ó wá lẹ̀ mọ́ kókó kékeré kan lórí egungun ojúgun, nísàlẹ̀ orúnkún. Kókó yẹn kò tíì gbó lára ọmọdé. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fò, tàbí tó sáré tó sì dúró lójijì, iṣan náà á fà á. Ẹ sì mọ̀ pé fífò àti dídúró lójijì ló pọ̀ jù nínú básíkẹ́ẹ̀tì.

Tí ẹ bá fi ìka tẹ kókó náà tó sì dùn ún gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Osgood-Schlatter. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń lọ bí ọmọ bá ti dàgbà tán. Ohun tó ń fẹ́ ni kí a dín fífò àti sísáré kù fúngbà díẹ̀, kí a fi yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e lẹ́yìn eré, kí ọmọ sì máa na iṣan itan rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tí orúnkún náà bá wú, tó há tí kò ṣeé nà, tí ọmọ ń tiro, tàbí tí ìrora ń jí i lóru, ẹ má dúró rárá, dókítà ló kàn. Kódà bí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń bá jà.

Ohun kan tún wà nípa orúnkún tí gbogbo òbí ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ mọ̀. Okùn inú orúnkún tí wọ́n ń pè ní ACL máa ń já lára àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ju ti ọmọkùnrin lọ, pàápàá bí wọ́n bá ti ń bàlágà. Ẹ béèrè bóyá kóòṣì wọn ń kọ́ wọn bí a ṣe ń balẹ̀ lẹ́yìn fífò: kí ẹsẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, kí orúnkún méjèèjì má sì wọ inú súnmọ́ ara wọn. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi irú ìdánrawò yìí múra sílẹ̀ déédéé ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìpalára ńlá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀, èyí tó ká mi lára jù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọdé ní básíkẹ́ẹ̀tì, mo sì ti rí àwọn ọmọ tó fẹ́ràn eré yìí dọ́kàn tí wọ́n fi í sílẹ̀. Kì í sábà jẹ́ pé wọ́n fìdí rẹmi ló lé wọn lọ. Ìrìn àjò ilé ni wọn ò lè fara dà mọ́. Ẹ wo ohun tí ọmọ yín ti rù kó tó wọ ọkọ̀. Kóòṣì ti pariwo mọ́ ọn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wò ó nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ àṣìṣe náà ju yín lọ, torí pé ọwọ́ tirẹ̀ ló ti bọ́. Bí ẹ bá wá tún un sọ, kò ní gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí yóò gbọ́ ni pé ó ti já ẹ̀yin náà kulẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Kóòṣì ti lo ọwọ́ òsì tán nínú pápá. Ọwọ́ ọ̀tún ló kù, ẹ̀yin lẹ sì ni ín.

Láti ìdíje tó ń bọ̀, ẹ má dá ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀ àfi tí òun bá dá a sílẹ̀. Ẹ fún un lómi, ẹ sọ fún un pé inú yín dùn láti wò ó, kí ẹ sì dákẹ́. Kò ní rọrùn, ahọ́n á máa yún yín. Òun náà lè máa dúró de ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wá dá a lójú pé ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á là. Bó bá béèrè èrò yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: “Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?” Bákan náà ni nígbà tí eré bá ń lọ. Tí kóòṣì bá ní kó dúró, tí ẹ̀yin ní kó jù ú, yóò bojú wò yín, kó tó bojú padà, bọ́ọ̀lù ti lọ.

Ní ti bẹ́ǹṣì, ẹ má lọ tọrọ ìṣẹ́jú fún un. Ọmọ ọdún 12 lè béèrè fúnra rẹ̀, ẹ kàn bá a múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nílé. Kó má ṣe ní “Kí ló dé tí ẹ kì í fi mí sínú eré?” Kó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun méjì wo ni kí n ṣiṣẹ́ lé lórí kí ẹ lè túbọ̀ fọkàn tán mi?” Ó ṣọ̀wọ́n kí ìdáhùn mi sí irú ìbéèrè yìí jẹ́ “máa ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n sí i.” Ọmọ tí mo máa ń mú dìde lórí bẹ́ǹṣì ni ẹni tó ń sáré padà wá dènà, tó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sí ohun tó ń bọ̀, tó sì ń lé bọ́ọ̀lù tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ìlera àti ààbò ni tiyín. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ti orúnkún fún kóòṣì. Tó bá jẹ́ pé ìgbe rẹ̀ ti di èébú, ẹ má dúró kí ọmọ béèrè kí ẹ tó dìde.

Ẹ má tíì gba olùkọ́ mìíràn fún un. Ìlànà tí NBA, ìyẹn líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, àti USA Basketball, àjọ tó ń darí eré náà níbẹ̀, gbé jáde fún àwọn ọmọdé ní 2016 kò fẹ́ kí ọmọ ọdún 12 sí 14 ju wákàtí 10 lọ lọ́sẹ̀ nínú ìdíje àti ìdánrawò pọ̀, ó kéré tán kó sì sinmi ní ọjọ́ kan. Ẹ ṣírò tirẹ̀ wò. Ìlànà yẹn kan náà ní kí ọmọ má gbájú mọ́ básíkẹ́ẹ̀tì nìkan kó tó pé ọdún 14. Hakeem Olajuwon, ọmọ Nàìjíríà tó di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú básíkẹ́ẹ̀tì, ṣọ́ ilé gólì nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, kó tó wọ básíkẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó ti pé ọmọ ọdún 15. Gbogbo ayé ló yin ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Ẹ yẹ bọ́ọ̀lù tó ń lò nílé wò pẹ̀lú. Nọ́ḿbà 6 ni ti ọmọbìnrin ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ḿbà 7 ni àwọn ọkùnrin ń lò. Ó tóbi ó sì wúwo jù ú lọ, ó sì lè ba bó ṣe ń jù ú jẹ́.

Kí ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀? Kì í ṣe ní ọjọ́ tó ń sunkún. Bí dókítà bá gbà á láyè, kó parí sáà yìí, kí ẹ wá bi í nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Bó bá yan ẹgbẹ́ tí yóò ti máa gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé wọ́n lé Michael Jordan, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábásíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, kúrò nínú ẹgbẹ́ ilé ìwé rẹ̀ ní 1978. Wọn ò lé e. Ẹgbẹ́ kejì ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló sì ti rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa lọ́dún yẹn.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó mẹ́nu kan dókítà tàbí kóòṣì, ẹ sọ fún un pé ẹ gbà pé orúnkún náà ń dùn ún lóòótọ́.