Èsì: Ṣé kí a da ọmọ àrọ̀ sínú adágún Kàǹjí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹgbẹ́ apẹja yín ra ọmọ àrọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́sìn ẹja, kí ẹ dà á sínú adágún Kàǹjí, nítorí pé oríṣi ẹja tí ẹ ń pa ti dínkù. Ẹ má dà á. Púpọ̀ nínú àrọ̀ ọ̀sìn ló jẹ́ àdàlù ẹ̀yà méjì. Bí wọ́n bá bá àrọ̀ inú odò gùn, irú-ọmọ ti odò gan-an lè dàrú.

Àwọ̀n ni kí ẹ fi owó yẹn pààrọ̀. Àwọ̀n fífà tí ojú rẹ̀ há bíi ti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kì í ṣa ẹja: mo ti wà níbi tí wọ́n ti fà á gúnlẹ̀ rí, tí ọmọ ẹpìyà inú rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ẹ yẹra fún etí omi tó ní koríko pẹ̀lú, lásìkò tí ẹja bá ń yé.

Irú ẹja tí ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú omi nìkan ni èyí lè ṣe láǹfààní. Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Kàǹjí, tó dá adágún yìí sílẹ̀, ní 1968, omi tó ń ṣàn di omi adágún. Àwọn ẹja ẹlẹ́nu gígùn tí ń tú ẹrẹ̀ jẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mormyridae, dínkù gan-an, ẹja wẹ́wẹ́ bíi sàdíìnì sì gbilẹ̀ láàárín omi. Apá òkè, níbi tí Odò Ọya ti ń wọ adágún, ṣì ń ṣàn. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò.